Fíìmù Ernie Davis: báwo ni mo ṣe lè fi í han àwọn ọmọ wa láì jẹ́ kí irọ́ inú rẹ̀ bo òótọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀?

Bàbá Ìbejì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Maryland ni mò ń gbé, èmi ni wọ́n sì fi ṣe alábòójútó àwọn ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa ń kó wọn jọ ní ọ̀sán Sátidé, a ó wo fíìmù kan, a ó sì jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin wa ló ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà níléèwé, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré, tí wọ́n sì ń wó ara wọn lulẹ̀ bí ẹni ń jìjàkadì. Ìdí nìyí tí mo fi yan The Express, fíìmù tó jáde ní 2008 nípa Ernie Davis, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Heisman, ní 1961, nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Syracuse. Ẹni tí kò bá mọ Heisman, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù náà gbá jù nínú gbogbo yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún kọ̀ọ̀kan ni.

Fíìmù náà wọ̀ wọ́n lára gan-an. Nígbà tó dé ibi tí ikọ̀ Syracuse ti lọ gbá bọ́ọ̀lù ní West Virginia ní 1959, tí àwọn òǹwòran ń bú àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n sì ń ju nǹkan lù wọ́n, gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. A parí rẹ̀, mo dìde pé kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ni ọmọ ọdún 15 kan bá na fóònù rẹ̀ sókè, ó ní, “Àńkù, Syracuse ni wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù yẹn lọ́dún náà, wọn ò lọ sí West Virginia rárá.” Mo ní kó gbé e wá, mo fi jígí sójú, mo kà á, òótọ́ lọmọ ń sọ. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wá béèrè bóyá àìsàn tó pa Davis náà, àwọn onífíìmù ló hùmọ̀ rẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìjíròrò wa parí sí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a tún pàdé. Àwọn òbí kan ní kí n fi fíìmù náà sílẹ̀, kí n wá òmíràn. Èmi fẹ́ padà sí i, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan tún fi fóònù dá mi dúró. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, èwo ni wọ́n fi kún un, báwo ni kí n sì ṣe gbé e kalẹ̀? Kí n má purọ́, èmi fúnra mi ò mọ òfin bọ́ọ̀lù náà tó bẹ́ẹ̀.

Àdùnní Baltimore

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Bàbá Ìbejì. Lójú tèmi, ẹ ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Fíìmù ni, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Bí kì í bá ṣe West Virginia ni wọ́n ti ju ìgò lù wọ́n, a mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbòmíràn lásìkò náà. Àwọn ọmọ wa nílò láti mọ̀ pé Davis ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Syracuse gbà sínú ikọ̀ wọn, pé ó jẹ ìyà, pé ó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Cleveland, ikọ̀ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe, ó sì kú ní ọ̀dọ́. Ìyẹn náà tó. Mo ti wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ mi méjèèjì, a sunkún, kò sì sẹ́ni tó mú fóònù jáde.

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé, ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sì ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Àǹtí Àdùnní lóhùn tìfẹ́tìfẹ́. Davis kọ́ ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ikọ̀ Syracuse. Jim Brown ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nọ́ńbà 44 tí Brown wọ̀ ni wọ́n sì gbé lé Davis lọ́rùn lẹ́yìn tí Brown fúnra rẹ̀ ti bá wọn rọ̀ ọ́ pé kó wá. Kò sì gbá bọ́ọ̀lù ẹyọ kan ṣoṣo fún Cleveland nínú ìdíje. Ó fọwọ́ sí àdéhùn lọ́dọ̀ wọn, àìsàn kò sì jẹ́ kó wọ pápá. Bí a bá ń tún àṣìṣe fíìmù ṣe, a ò gbọdọ̀ fi tiwa rọ́pò rẹ̀.

Ní ti West Virginia, ọmọ yẹn jàre. Ní 1959, pápá Syracuse ni wọ́n ti pàdé, Syracuse sì fàgbà hàn wọ́n pẹ̀lú 44 sí òdo. Nígbà tí fíìmù jáde, inú bí àwọn ará West Virginia gidigidi, wọ́n ní wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn kò dá kọ́ àwọn lọ́rùn. Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà dùn láti sọ ni pé ọmọ West Virginia pọ́ńbélé ni Ben Schwartzwalder, akọ́nimọ̀ọ́gbá Syracuse tí Dennis Quaid ṣe nínú fíìmù. Point Pleasant ní ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n bí i sí, yunifásítì wọn gan-an ló sì ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀. Ilé tí ọkùnrin náà ti jáde wá ni wọ́n lọ bà lórúkọ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà dúró láìsí ìyẹn. Ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1939 ni wọ́n bí Davis ní Pennsylvania. Bàbá rẹ̀ ti kú nínú ìjàǹbá kí wọ́n tó bí i, àwọn òbí àgbà rẹ̀ ló tọ́ ọ ní Uniontown títí ó fi pé ọmọ ọdún 12, tó wá lọ bá ìyá rẹ̀ ní Elmira, ní ìpínlẹ̀ New York. Ó ń kólòlò ní kékeré. Ní Syracuse, ọdún àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ àgbà ni wọ́n gba gbogbo bọ́ọ̀lù 11 tí wọ́n gbá, wọ́n sì di ìkíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Kí ó tó kúrò níbẹ̀, ó ti gbé bọ́ọ̀lù sáré yáàdì 2,386, ó sì ti kọjá ohun tí Jim Brown ṣe. Brown kan náà, ẹ má gbàgbé, ipò karùn-ún ni wọ́n fi í sí nínú ìbò Heisman ọdún 1956. Láti 1935 ni wọ́n ti ń fún ènìyàn ní àmì ẹ̀yẹ yìí, kò sì bọ́ sọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú kankan títí di 1961.

Kóòṣì Houston

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù yìí. Bàbá Ìbejì, bí ẹ ò bá mọ òfin rẹ̀, àwọn ọmọ yẹn yóò mọ̀, ojú tí wọ́n á fi wò yín yóò sì yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ fún bàbá mi nígbà tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ wò ó bí ogun gbígba ilẹ̀. Àǹfààní mẹ́rin ni ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá gbé e tó bẹ́ẹ̀, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọn ò bá lè gbé e tó bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù di ti ẹnìkejì. Ẹni tó bá gbé e wọ ìpẹ̀kun ilẹ̀ ẹnìkejì gba touchdown, ayò 6 nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a láàárín òpó méjì fún ayò 1, tàbí kí wọ́n tún gbìyànjú láti gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i fún 2. Ọdún 1958 ni wọ́n mú ayò 2 yìí wọ bọ́ọ̀lù yunifásítì, ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ báyìí.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1960, ní Dallas, Syracuse pàdé Texas nínú ìdíje Cotton Bowl. Iṣan ẹ̀yìn itan Davis ti fà kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Ger Schwedes ju bọ́ọ̀lù sí i, ó hán an, ó sì fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn sáré wọlé. Yáàdì 87 ni wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí, nǹkan bí mítà 80, ẹ fojú inú wo pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ láti ojúlé kan títí tí yóò fi kù díẹ̀ kó dé ìkejì. Ó tún gbé òmíràn wọlé, ó sì hán bọ́ọ̀lù ayò 2 nígbà méjì. Ẹ ṣírò rẹ̀: 6 àti 6, 2 àti 2, ó di 16. Ayò 23 sí 14 ni Syracuse fi borí. Lásìkò yẹn, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré náà ló tún ń dúró dènà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹnìkejì, Davis sì gba bọ́ọ̀lù kan mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ. Bí ẹ bá kọ 6, 6, 2, 2 sójú pátákó kí ẹ tó fi apá yẹn hàn wọ́n, kò sí ọmọ tí yóò sùn.

Ará Syracuse

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọdún 12 rèé tí mo ti ń gbé ìlú yìí, mo sì ní nǹkan méjì láti fi kún ohun tí Kóòṣì sọ.

Ìkíní, ìjà tí ẹ rí nínú bọ́ọ̀lù Dallas ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, kí wọ́n tó lọ ìsinmi àárín eré. Àwọn ará Syracuse sọ pé ọ̀rọ̀ èébú tí wọ́n ń sọ sí àwọn aláwọ̀ dúdú ló fà á. Aláwọ̀ dúdú mẹ́ta ló wà nínú ikọ̀ náà: Davis, John Brown, àti Art Baker. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àpèjẹ wà fún àwọn ikọ̀ méjèèjì, ibi tí wọn ò ti gba aláwọ̀ dúdú láàyè ni wọ́n sì fi sí. Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ kò sọ ọ́ bákan náà. Àwọn kan ní wọ́n sọ fún Davis tẹ́lẹ̀ pé kó gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ kó sì máa lọ. John Brown, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, sọ pé gbogbo àwọn ló jọ jẹun, wọ́n pín ife ẹ̀yẹ tán, ni wọ́n wá ní kí àwọn mẹ́ta bọ́ síta, tí àwọn ènìyàn NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, sì mú wọn lọ sí òde mìíràn. Ó ní Schwedes dá a lábàá pé kí gbogbo ikọ̀ dìde bá wọn lọ, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Syracuse kò gbà. Bí ẹ bá fi ohun tí fíìmù fi hàn sí ẹ̀gbẹ́ ìròyìn méjèèjì, àwọn ọmọ yóò rí bí ẹni mẹ́ta ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ìkejì kéré, ṣùgbọ́n yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí fíìmù jáde gan-an, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère Davis nínú ọgbà yunifásítì níbí. Bàtà tí wọ́n mọ sí ère náà lẹ́sẹ̀ ní àmì Nike lára, akoto tó sì gbé dání jẹ́ irú ti òde òní. Àmì Nike yẹn kò sí láyé títí di 1971, nígbà tí Davis ti lo ọdún 8 nínú sàréè. Wọ́n ní láti pe oníṣẹ́ ọnà náà padà kó wá tún un ṣe.

Àdùnní Baltimore

Ẹ ṣeun, Olùkọ́ àti Kóòṣì, mo gba ìtọ́sọ́nà nípa Jim Brown àti Cleveland. Ọpọlọ mi ló da Davis àti Brown pọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi pé kí Bàbá Ìbejì fi í hàn wọ́n. Ohun tó tún wù mí níbẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá náà. Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò bìkítà, tó sì wá yí padà nítorí ọmọ náà. Àwọn ọmọkùnrin wa tí àwọn aláwọ̀ funfun ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù nílò láti rí i pé ọkàn ènìyàn lè yí.

Ará Syracuse

Àǹtí Àdùnní, ibẹ̀ gan-an ni mi ò ti lè bá yín lọ. Akíkanjú ni Schwartzwalder lóòótọ́; ọmọ ogun tí wọ́n fi agboòrùn jù sílẹ̀ láti inú bàálù sí Normandy nígbà ogun àgbáyé kejì ni. Ṣùgbọ́n ní 1970, òun ṣì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án nínú ikọ̀ rẹ̀ kọ̀ láti wá sí ìgbáradì. Wọ́n fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn, kí wọ́n máa tọ́jú àwọn bó ṣe yẹ bí àwọn bá fara pa, kí wọ́n ràn àwọn lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ àwọn, kí wọ́n sì máa fi ẹni tó yẹ sí ipò tó yẹ láì wo àwọ̀. Àwọn oníròyìn kà wọ́n sí mẹ́jọ, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára títí dòní: Syracuse 8. Púpọ̀ nínú wọn ni bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ọdún 2006 ni yunifásítì tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti yí padà ní 1961 bí fíìmù ṣe wí, kí ni a ó sọ nípa 1970?

Olùkọ́ Ìtàn

Ará Syracuse, òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ń béèrè ohun tí kò sí lọ́wọ́ fíìmù náà. Ìtàn Davis ni, ó sì parí ní 1963. A ò lè dá onífíìmù lẹ́bi pé kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 7 tí akọni rẹ̀ ti kú.

Ará Syracuse

Mi ò dá a lẹ́bi pé kò sọ ọ́. Ohun tí mo dá a lẹ́bi fún ni pé ó fi ìyípadà ọkàn ẹni kan dí àyè ọ̀rọ̀ tí kò tíì tán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Àìpẹ́ yìí ni mo parí ẹ̀kọ́ mi ní College Park ní Maryland, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò tíì sẹ́ni tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maryland yìí kan náà, níbi tí Bàbá Ìbejì ti ń kó àwọn ọmọ jọ.

Àǹtí Àdùnní ní Davis ni àkọ́kọ́, Olùkọ́ ní Jim Brown ti wà ṣáájú. Ẹni kan tún ṣáájú àwọn méjèèjì fún nǹkan bí ogún ọdún: Wilmeth Sidat-Singh. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni. Bàbá tó bí i kú, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ dókítà kan tó wá láti Íńdíà, orúkọ dókítà náà ni ọmọ ń jẹ́. Nítorí orúkọ yìí, àwọn ènìyàn gbà pé ọmọ Íńdíà ni, Syracuse kò sì tún wọn ṣe. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1937, Syracuse wá bá Yunifásítì Maryland gbá bọ́ọ̀lù ní Baltimore. Sam Lacy, oníròyìn aláwọ̀ dúdú, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé Sidat-Singh kì í ṣe ọmọ Íńdíà o, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni. Maryland ní àwọn ò ní bá wọn gbá a bí ó bá wọ pápá, Syracuse gbà fún wọn, wọ́n fi ọmọ náà sórí àga. 13 sí òdo ni Maryland fi lu Syracuse. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Maryland lọ sí Syracuse, Sidat-Singh wọ pápá, 53 sí òdo ni ẹ̀san rẹ̀. Ní 1943 ni ọkọ̀ òfuurufú tó ń fi kọ́ṣẹ́ ogun bà jẹ́ lókè adágún Huron, tó sì bá ibẹ̀ lọ. Ó wà lára àwọn awakọ̀ òfuurufú Tuskegee, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú. Ọdún 2013 ni Maryland tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, ní College Park.

Bí ẹ bá ń wá bọ́ọ̀lù tí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti fojú hàn kedere, ẹ ò nílò West Virginia inú fíìmù. Ó wà nítòsí yín, ó sì ní ọdún, ó ní ayò. Kò sì sí fóònù tó lè já a nírọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Ikọ̀ Washington, tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Landover nísinsìnyí, ni ikọ̀ tó gbẹ̀yìn láti gba aláwọ̀ dúdú nínú NFL, ìdíje àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe. George Preston Marshall tó ni ín kò fẹ́ rí wọn. Nígbà tí wọ́n kọ́ pápá ìṣeré tuntun sórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, Stewart Udall, tó jẹ́ mínísítà fún Kennedy, sọ fún un pé bí kò bá gba aláwọ̀ dúdú, kò ní lo pápá náà. Nígbà tí àwọn ikọ̀ ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń jáde ní yunifásítì, Marshall wá mú Davis ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn, ó sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́dọ̀ Cleveland, tí wọ́n fi fún un ní Bobby Mitchell, aláwọ̀ dúdú mìíràn. Báyìí ni Davis ṣe di ti Cleveland. Mo mọ̀ pé ó kéré tán, àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn ní aṣọ Washington nílé.

Àdùnní Baltimore

Ọmọ Ìjẹ̀bú, o ṣeun, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń gbé Baltimore, n ò gbọ́ èyí rí. Ìbẹ̀rù mi kan ṣoṣo ni pé kí Bàbá Ìbejì má kó gbogbo rẹ̀ lé àwọn ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fíìmù náà ju wákàtí méjì lọ. Bí ẹ bá fi 1937, Udall àti Syracuse 8 kún un, àwọn òbí yóò wá máa lu ìwo níta.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ṣíṣe. Mi ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn nípa àìsàn kò kúrò lọ́kàn mi, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Àìsàn náà ṣẹlẹ̀. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nínú àìsàn yìí, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò gbó jáde láìdáwọ́ dúró, wọn ò ní lè bá àrùn jà, wọ́n á sì fún ẹ̀jẹ̀ pupa pa. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi máa ń rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú tàbí ní èrìgì, tí ọrùn sì lè wú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1962, nígbà tí Davis ń gbára dì fún bọ́ọ̀lù kan ní Chicago, ni wọ́n rí i. Wọn ò tètè sọ orúkọ àìsàn náà fún un. Oògùn dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ara rẹ̀ yá débi pé ó ń gbára dì, ṣùgbọ́n Paul Brown, akọ́nimọ̀ọ́gbá Cleveland, kò jẹ́ kó wọ pápá. Ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1963 ló kú, ọmọ ọdún 23. Cleveland kò tún fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà 45 tí wọ́n ti tọ́jú fún un.

Ìmọ̀ràn mi: kí ẹ tó fi apá yìí hàn, ẹ bi àwọn òbí ní ìkọ̀kọ̀ bóyá ọmọ kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kan ń ṣàìsàn nílé wọn. Mo ti jókòó nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan rí níbi tí wọ́n ti fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ hàn, ọmọ ọdún 9 kan dìde láàárín wa, ó jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ wà lórí oògùn jẹjẹrẹ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ sì sọ fún wọn pé àìsàn tí kò ní ọ̀nà àbáyọ ní 1962, ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ọmọbìnrin tó béèrè yẹn, ó lè má jẹ́ ẹ̀rín ló ń wá.

Kóòṣì Houston

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an ni. Mo gbà pẹ̀lú Àǹtí Àdùnní lórí àkókò. Bàbá Ìbejì, ẹ má fi gbogbo fíìmù hàn, wọ́n ti wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú apá mẹ́ta péré: West Virginia, Dallas, àti ibi tí wọ́n ti gbé Heisman fún un. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa, ẹ ní kí wọ́n wá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe Floyd Little, agbábọ́ọ̀lù Syracuse mìíràn, nínú rẹ̀. Chadwick Boseman ni, ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di ọba Wakanda nínú fíìmù Black Panther. Jẹjẹrẹ ló pa òun náà.

Bàbá Ìbejì

Ẹ̀yin ènìyàn wa, mo dúpẹ́, ẹ ò ní rí ibi. Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Mo pe ìyá ọmọbìnrin náà lánàá, ó sì sọ ohun kan fún mi tí n ò ní kọ síbí. Mo ti mọ bí n ó ṣe bá ọmọ náà jókòó.

Mo ti pinnu báyìí. Bọ́ọ̀lù Baltimore ti 1937 ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, láì fi fíìmù kankan hàn, kí wọ́n mọ̀ pé orí ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, apá mẹ́ta tí Kóòṣì sọ, pẹ̀lú 6, 6, 2, 2 lójú pátákó. Ní ti West Virginia, n ó fi í hàn wọ́n, n ó sì bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹni tó ní òtítọ́ tó pọ̀ tó báyìí lọ́wọ́ ṣe tún lọ yá irọ́ lò. Èmi fúnra mi ò mọ ìdáhùn rẹ̀. Olùkọ́ àti Ará Syracuse, n ó pín wọn sí méjì lórí ọ̀rọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí wọ́n jà á bí ẹ ṣe jà á, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 20 péré.

Ọmọ tó na fóònù sókè ni mo fi ṣe olùṣèwádìí fún ọjọ́ náà. Mo pè é lálẹ́ àná, mo sì ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi parí, ó wá ní, “Àńkù, ẹni tó ní 1971 ni àmì Nike jáde, ṣé ó dá a lójú?” Mo ní kó lọ wò ó wá.

Ará Syracuse

Ó dá mi lójú o! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wò ó.